Ẹ̀wà Nínú Fóònù: Ohun Tí A Bá Pàdé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

 

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń bi àwa tí à ń kọ bébà yìí ni pé, kí gan-an ló wà nínú íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ wa fi ń tẹ fóònù láti àárọ̀ di alẹ́? Ṣé ohun tó lè mú owó wọlé fún oníṣòwò wà níbẹ̀, àbí eré lásán ni? Èsì wa ni pé méjèèjì wà níbẹ̀, irọ́ náà sì wà níbẹ̀ kítikìti. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn jù, a ní ká mú ọjà kan ṣoṣo, ká tẹ orúkọ rẹ̀ sínú fóònù, ká wo ibi tó máa gbé wa dé. Ẹ̀wà la mú. Ọjà wo ni wọn kì í ti í tà á? Ilé wo ni wọn kì í ti í jẹ ẹ́?

Ẹ gbọ́ èyí ná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù. Fídíò máa ń jẹ dátà gan-an ju ìwé kíkà lọ. Bí ẹ bá ṣí fídíò lórí YouTube, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, kẹ́ ẹ mú 144p tàbí 240p. Àwòrán á ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wà á ṣì jẹ́ ẹ̀wà lójú yín, dátà yín á sì pẹ́. Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé dáadáa, kó wo ère máìkì kékeré tó wà níbi tí wọ́n ń kọ̀wé sí lórí Google, kó tẹ̀ ẹ́, kó sọ ohun tó ń wá.

Ibi ìdáná ni gbogbo rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kọ “akara” síbẹ̀, fídíò á ya lù yín bí omi. Ẹ ó rí ẹni tó ń po ẹyin mọ́ ọn, ẹ ó rí ẹni tó ń da fúláwà sí i kó lè dúró dáadáa. Ní tiwa o, èyí tó bá ti ní fúláwà nínú ti kúrò ní àkàrà, ó ti di pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ẹlẹ́wà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tó dáa fún àwọn alákàrà wa tó ń fi ọwọ́ bó ẹ̀wà títí ọwọ́ á fi máa ro wọ́n. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà sínú omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á dà á sínú blẹ́ńdà pẹ̀lú omi tó pọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kó yí fìrì, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí márùn-ún, èèpo á ti ya kúrò láìjẹ́ pé ẹ̀wà lọ̀ kúnná. Wọ́n á dà á sínú abọ́ ńlá, èèpo á léfòó, wọ́n á máa dà á nù pẹ̀lú omi.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ nínú wọn tún ń sọ ohun tí àwọn ìyá wa ti ń sọ tipẹ́: ẹ po ẹ̀wà lílọ̀ dáadáa kí afẹ́fẹ́ wọnú rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí àkàrà wú kó sì fúyẹ́. Iyọ̀ àti àlùbọ́sà, ìgbà tí epo bá gbóná tán ni kẹ́ ẹ tó fi sí i, torí iyọ̀ máa ń fa omi jáde lára àlùbọ́sà, ìyẹn á sì jẹ́ kó ṣàn jù.

Òṣùwọ̀n ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Bí ìwé oúnjẹ àwọn ará Amẹ́ríkà bá ní ife kan, ife wọn gba nǹkan bíi 240ml. Ẹ bu omi inú ìgò 50cl sí méjì ọgbọọgba, apá kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ife wọn kan. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbé ófùùnù sí 350, Fahrenheit ni wọ́n ń wí. Lórí èyí tó jẹ́ Celsius, kò ju nǹkan bíi 180 lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀, tó yí tiẹ̀ dé òpin torí ó ń wá 350, èédú ló máa gbé jáde dípò kéèkì.

Ó tó, ẹ jẹ́ ká rìnrìn àjò díẹ̀. Ẹ kọ “acaraje” síbẹ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa jáde. Ẹ ó rí àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun, tí wọ́n wé gèlè, tí wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, tí wọ́n jókòó ti agbada epo pupa ní ìgboro Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Àkàrà ni wọ́n ń dín o! Ẹ̀wà ni wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n po mọ́ àlùbọ́sà àti iyọ̀. Orúkọ náà kò fara pamọ́: àkàrà àti jẹ ni wọ́n so pọ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ló gbé e dé ọ̀hún. Láàárín ọdún 1800 sí 1888 tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì, àwọn obìnrin ẹrú àti àwọn tó ti gbòmìnira ń kiri oúnjẹ káàkiri ìgboro Salvador. Owó ńlá nínú èrè yẹn, olówó wọn ló ń gbà á. Díẹ̀ tó ṣẹ́kù ni àwọn mìíràn kó jọ títí tí wọ́n fi ra ara wọn padà. Ẹ rò ó wò ná, igbá orí ló ra ẹni tó rù ú.

Wọn kì í kàn wé e sínú bébà fún oníbàárà bíi tiwa. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á kó vatapá sí i, ìyẹn ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, omi àgbọn àti epo pupa sè. Wọ́n á fi ilá tí wọ́n ń pè ní caruru sí i, wọ́n á wá to edé gbígbẹ lé e lórí. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ gbígbóná tàbí tútù. Àlejò tí kò mọ̀ á ní gbígbóná, à ṣé ata ni wọ́n ń sọ! Mọ́ínmọ́ín tiwọn náà wà, abará ni wọ́n ń pè é, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì ń wé e sí. Oúnjẹ Ọya ni àkàrà lọ́dọ̀ wọn bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Àwọn onígbàgbọ́ kan tó ń dín in níbẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn, wọ́n ní àkàrà Jésù ni tàwọn, ọ̀rọ̀ náà sì ti dá arukutu sílẹ̀ láàárín àwọn alákàrà. Ọjà ò yàtọ̀ síra níbikíbi, àbí?

Èyí tó kàn wá jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé wọ́n ní ẹgbẹ́, bí àwa náà ṣe ní. Nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2014 ń bọ̀ ní Bùràsíìlì, òfin FIFA lórí ọjà títà láyìíká pápá fẹ́ lé wọn kúrò ní pápá Fonte Nova, níbi tí wọ́n ti ń tà bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ẹgbẹ́ wọn kò dákẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ sí i, àwọn oníròyìn sì gbé e káàkiri. Nígbà tí ìdíje Confederations Cup bẹ̀rẹ̀ ní oṣù June 2013, mẹ́fà nínú wọn ló jókòó sínú pápá náà, tí wọ́n ń dín àkàrà wọn. Mẹ́fà kéré, a ò lè pè é ní púpọ̀, ṣùgbọ́n òdo ni wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti 2005 ni ìjọba Bùràsíìlì ti kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Ọjọ́ 25 oṣù November ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ wọn lọ́dọọdún, fídíò ijó àti aṣọ ọjọ́ náà kò lóǹkà. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó rí i pé dátà òun pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé sọ́dọ̀ ẹ̀yin tó ń ta ẹ̀wà ní kọ́ńgò àti ní àpò, torí ohun tó gbóná jù tí a bá pàdé, tiyín ni.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí ìkéde lórí WhatsApp pé àwọn ọlọ́jà ń da Sniper sí ẹ̀wà. Àwọn kan ní irọ́ ni, àwọn kan ní àwọn tí kò fẹ́ kí ọjà tà ló ń sọ ọ́. A fi ìkéde sílẹ̀, a lọ wo ohun tó wà lákọsílẹ̀. Ní oṣù June 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, wọ́n sì tún sún òfin náà síwájú lẹ́yìn ìgbà náà. Ìdí ni pé wọ́n bá dichlorvos nínú rẹ̀, oògùn apakòkòrò kan náà tó wà nínú Sniper. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè nínú kílò ẹ̀wà kan ni 0.01mg, ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa wà láàárín 0.03mg sí 4.6mg. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 460 ohun tí òfin wọn gbà. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ṣe ta ìgò kékeré 100ml oògùn náà mọ́ ní ọjà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì.

Kì í ṣe gbogbo ọlọ́jà ló ń ṣe é, ó sì ń dun ẹni tí kò ṣe é pé ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo gbogbo wa. Ṣùgbọ́n inú bébà ti ara wa la wà yìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn kan ń ṣe é. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ pa ẹnikẹ́ni, kòkòrò ló ń jẹ owó wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ ń fa oògùn náà símú ni òun fúnra rẹ̀ àti ọmọ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò nínú ṣọ́ọ̀bù.

Láti oko ni kòkòrò ẹ̀wà ti máa ń tẹ̀ lé ẹ̀wà wálé. Á yé ẹyin sára hóró, ọmọ rẹ̀ á lu ihò wọnú, á máa jẹun níbẹ̀ láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i. Ìgbà tó bá dàgbà tán ló máa ń jáde, ihò róbótó tí ẹ máa ń rí lára ẹ̀wà yẹn sì ni ilẹ̀kùn tó gbà jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè ra ẹ̀wà tó ń dán lónìí, kó tó oṣù mélòó kan kó ti di ìyẹ̀fun.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Larry Murdock, láti yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Kamẹrúùnù bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n kan tí kò gba oògùn rárá. Òun ló di àpò tí wọ́n ń pè ní PICS. Mẹ́ta ló wà nínú ara wọn: ọ̀rá méjì tó nípọn, àti àpò híhun tó dà bí àpò ìrẹsì lóde. Ẹ ó da ẹ̀wà sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ ó tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ ó lọ́ ọrùn rẹ̀, ẹ ó dì í pinpin. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe ọ̀rá kejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe ti òde. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù tán. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tán, kò ní jẹun mọ́, ara rẹ̀ kò sì ní rí omi ṣe, torí kì í mu omi bíi tiwa, oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ni ara rẹ̀ fi ń ṣe omi. Ó máa gbẹ síbẹ̀ ni.

Ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa o, bí ó bá tutù, á bu nínú ọ̀rá. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ tó lò ó, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó lu. Kì í sì í ṣe àpò tí ẹ ó máa ṣí láàárọ̀ lálẹ́ láti wọn kọ́ńgò nínú rẹ̀. Ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ kó pamọ́ de ìgbà tó máa wọ́n lẹ ó fi sí i. Bí ọ̀rá náà kò bá lu, ẹ lè tún un lò lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí kò rí PICS rà, kó lo kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ, tí wọn kò fi rọ kẹrosíìnì tàbí kẹ́míkà rí. Kó rọ ẹ̀wà kún un dé ẹnu, kó má fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, kó sì dé e mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ kọ “PICS bag beans” tàbí “jerrycan bean storage” síbẹ̀, ẹ ó rí fídíò eré àwòrán tó ń fi í hàn ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Àwọn kan tí wọ́n ń pè ní SAWBO ló ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, oríṣiríṣi èdè ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ń fi sọ ọ́.

Ó ku ẹ̀wà tí wọ́n ń tà lórí Facebook ní ìlàjì owó ọjà. Wọ́n á gbé àwòrán àpò ẹ̀wà tó tò rẹrẹ síbẹ̀, wọ́n á ní ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra, kẹ́ ẹ tètè san owó ọkọ̀ kó má baà tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán náà kì í ṣe tiwọn. Ẹ ní kí ọmọ yín fi Google Lens wò ó, á sọ ibi tí àwòrán yẹn ti wà rí. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ ní kí ó fi fídíò pè yín lójú ẹsẹ̀, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò, kó tú ọ̀kan, kó bu ẹ̀wà sọ́wọ́, kó sì pe orúkọ yín. Kódà kó ṣe gbogbo ìyẹn tán, ẹ má sanwó àfi tí ẹ̀wà bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù yín. Bí ó bá sì sọ pé kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín fún òun kí òun lè fi gba ọjà jáde, ẹ gbé fóònù náà kalẹ̀, kẹ́ ẹ máa bá oníbàárà tó dúró níwájú yín lọ.