Ẹ̀rọ Oríta inú Àpótí Kọ̀ǹpútà

Bí ará Agblangandan, lójú ọ̀nà Kútọnu sí Àjàṣẹ́, bá fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ilé tí a kó kọ̀ǹpútà ńláńlá jọ sí ni iṣẹ́ náà ń gbà kọjá. Níbẹ̀, a máa ń to kọ̀ǹpútà púpọ̀ sínú àpótí irin kan. Ẹ̀rọ kékeré tí a kì bọ ẹ̀yìn àpótí ni ó ń gba ọ̀rọ̀ gbogbo wọn wọlé, tí ó sì ń gbà á jáde. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ẹ̀rọ oríta.

Bí oríta kan ṣoṣo bá dí, gbogbo àpótí di odi. Nítorí náà méjì ni a ń fi sí i. Kí a tó yọ ọ̀kan, a ó rí i dájú pé èkejì ń ṣiṣẹ́, a ó sì kọ àmì sára okùn kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n méjì nìkan kò tó. Okùn abẹ́ òkun SAT-3 ń sin ilẹ̀ Benin láti 2002, ACE sì tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, àwọn méjèèjì bàjẹ́ pọ̀ nítòsí Abidjan. Ọ̀nà méjì tí ó gba ojú kan náà, ọ̀nà kan ni.