Ẹ Jẹ́ Ká Tún Gun Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Láti oṣù May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ń jẹ owó tó yẹ ká fi pamọ́.

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí kì í ṣe Márúwá o. Irú Raleigh tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko ni. Kò mu epo, ó ń fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lágbára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán: ìdajì wákàtí lọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn.

Ọkàn pàápàá á fúyẹ́. Lórí kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ kùtù, èèyàn á ráyè ronú, á ráyè bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún tírélà, ẹ fi iná sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru kọ́kọ́ rí dókítà.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká jíròrò: ṣé ẹgbẹ́ lè máa yáni lówó ra kẹ̀kẹ́, bí a ti ń yáni lówó ọjà? Ìlera loògùn ọrọ̀.