Eré Ìdárayá fún Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ Òru

Nọ́ọ̀sì tó ń ti wọ́ọ̀dù bọ̀ láàárọ̀, ọdẹ tó ṣọ́ géètì mọ́jú, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n máa jí sáré ní ìdájí. Iṣẹ́ tó ń yí láti ọ̀sán sí òru kì í jẹ́ kí aago ṣeé gbára lé. Ìrun kì í yí ní tirẹ̀, òun ni kí a so eré ìdárayá mọ́.

Ẹni tó ń lọ síṣẹ́ alẹ́ lè fi ogún ìṣẹ́jú rìn lẹ́yìn ìrun Alaasárì. Ẹni tó ń tibẹ̀ bọ̀, kó rìn wẹ́rẹ́ délé, kó sùn. Eré líle lè lé oorun lọ. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ṣe eré tó mọ níwọ̀n. Bí a bá pín in wẹ́wẹ́, ó kà. Gígun àtẹ̀gùn níbi iṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Dídá rìn sì lè súni. Ẹ mú ìyàwó tàbí ọkọ dání. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá Nàná Aisha sáré ìje lẹ́ẹ̀mejì: Nàná ló kọ́kọ́ borí, Ànábì ló borí lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn tó ń ra oògùn lọ́wọ́ mi nìyí: ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń lo insulin tàbí glibenclamide, kò gbọdọ̀ fi ikùn òfìfo ṣeré ìdárayá lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀: ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, òòyì á máa kọ́ ọ. Kó fi ṣúgà sápò, kó tètè lá a, kó sì jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, kó lọ bá dókítà kí wọ́n yẹ iye oògùn rẹ̀ wò. Kó má dá a dín kù fúnra rẹ̀.