Akàwé Ojú Kọ̀ǹpútà àti Ètò Alábòójútó Fèrèsé

Láti ọdún 1962 ni ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn ọmọ tí kò ríran ti wà ní Sùúrùlérè, agbègbè kan náà tí Àgùdà wà. Ìwé Braille, èyí tí à ń fi ìka kà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran bá dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kọ̀ǹpútà ni yóò bá pàdé, etí ni yóò sì fi kà á. Ètò tí ń sọ ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà di ohùn ni akàwé. JAWS jáde ní ọdún 1989. NVDA, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní 2006.

Èrò ọ̀pọ̀ ni pé akàwé ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ni ó ń béèrè. Ní ayé DOS, ọ̀rọ̀ lásán ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀, ìlà 25, àyè lẹ́tà 80 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì rọrùn láti kó wọn kà. Nígbà tí Windows gbòde, gbogbo rẹ̀ di àwòrán: fèrèsé lórí fèrèsé, bí ìwé ìdánwò tí a tò jọ sórí tábìlì olùkọ́. Ẹni tí ó ríran yóò wo èyí tí ó wà lókè. Ẹni tí kò ríran ńkọ́?

Alábòójútó fèrèsé ni ó ń pinnu fèrèsé tí yóò wà lókè àti èyí tí lẹ́tà tí a bá tẹ̀ yóò wọ̀. Bí ó bá kéde ìpinnu yìí, akàwé yóò sọ ọ́. Bí ó bá dákẹ́, akàwé yóò yadi, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa tẹ ìdáhùn ìdánwò sínú fèrèsé tí kò mọ̀. Microsoft ti la ọ̀nà ìbéèrè yìí láti 1997. Lórí Linux, Orca àti GNOME mọwọ́ ara wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn alábòójútó fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí kì í kéde ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ irú wọn gan-an ni a máa ń fi sórí kọ̀ǹpútà àlòkù.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó sọ pé yàrá kọ̀ǹpútà ti wà ní sẹpẹ́, kí ó tan akàwé, kí ó pa iná ojú kọ̀ǹpútà, kí ó sì tẹ Alt àti Tab pọ̀. Bí orúkọ fèrèsé kò bá dún, iṣẹ́ ṣì kù.