Àlejò Èkó, Kọ́kọ́ Yà sí Mile 12

Nígbàkúùgbà tí ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ bá ń súnmọ́ tòsí, àwọn olùkọ́ wa ní ìgbèríko a máa béèrè pé, bí àwọn bá kó àwọn ọmọ wá sí Èkó, kí ni kí àwọn fi hàn wọ́n, níbo ni kí àwọn sì ti jẹun? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún wọn kò ju mẹ́ta lọ: ẹ lọ wo òkun, ẹ lọ wo afárá, ẹ lọ wo àwọn ilé gogoro tí ó wà ní Erékùṣù. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìdáhùn wọ̀nyí. Òkun dára ní wíwò, afárá sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó yẹ kí ọmọdé rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wo gbogbo ìwọ̀nyí tí kò sì mọ ibi tí Èkó ti ń rí oúnjẹ jẹ, ojúde ni ó dúró sí, kò tí ì wọ inú ilé. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú ẹ̀yin olùkàwé wa lọ sí agbègbè Kòsọ́fẹ́ lónìí, sí Mile 12, Kétu àti Ìkòsí.

Máìlì méjìlá láti Èkó ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú ni a fi sọ Mile 12 lórúkọ. Ọjà tí ó wà níbẹ̀ ni ìkòkò ọbẹ̀ Èkó. Tòmátì ń bẹ níbẹ̀, ata rodo àti tàtàṣé ń bẹ, àlùbọ́sà ń bẹ, iṣu àti ọ̀dùnkún ń bẹ. Láti Kánò, Kàdúná àti Sókótó ni púpọ̀ nínú ẹrù wọ̀nyí ti ń wá, iṣu a sì máa wá láti Bẹ́núé. Láti Kánò dé Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ ni tòmátì kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Omi ìsédò Tiga ní Kánò, èyí tí a kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ni a fi ń bomi rin oko ní àfonífojì Kadawa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìyàwó ilé ní Ṣómólú fi ń rí tòmátì lọ̀ nígbà tí òjò kò rọ̀ rárá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọjà yìí bí ó ti yẹ, kí ó dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù. Òru ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù a máa wọlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn alábàárù ti ń sáré pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń dúnàádúrà, àwọn tí yóò tà á ní Oyíngbò àti Mushin ti ń di ẹrù. Bí oòrùn bá ti ga, ohun tí ó ṣe pàtàkì ti kọjá lọ, ariwo àti ooru ni yóò kù. Kí olùkọ́ tí ó kó ọmọ lẹ́yìn fi wọ́n sí ọ̀wọ́ kéékèèké, kí ó wọ̀ wọ́n ní bàtà tí ẹrẹ̀ kò lè bà jẹ́, kí ó sì kìlọ̀ fún wọn láti yà fún ẹni tí ó ru ẹrù, nítorí ẹni tí ó ru ẹrù wúwo kì í lè dúró lójijì.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun yẹ̀yẹ́ ni a ń wí. Ní ìlú Paris, nígbà tí wọ́n kó ọjà oúnjẹ àtijọ́ wọn lọ sí Rungis ní ọdún 1969, àlejò kò yéé tẹ̀lé e: títí di òní, àwọn ènìyàn a máa san owó kí a lè mú wọn rìn nínú ọjà náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Tokyo ní ilẹ̀ Japan, àjèjì a máa jí ní òru láti lọ wo bí wọ́n ti ń ta ẹja ní gbàǹjo. Ohun tí ó jẹ́ ìyanu fún wọn níbẹ̀, kí ló dé tí tiwa fi jẹ́ ohun ìtìjú fún wa?

Ẹ̀kọ́ kìíní tí ọmọ yóò kọ́ ní Mile 12 ni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni Èkó ti ń jẹun. Ní òpin oṣù kejì ọdún 2021, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Òkè-Ọya dá ẹrù dúró, wọn kò jẹ́ kí ó wá sí ìhà gúúsù. Wọ́n ń béèrè owó ìtanràn fún ẹ̀mí àti dúkìá tí wọ́n wí pé àwọn pàdánù, lẹ́yìn ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ náà fi yanjú, ṣùgbọ́n kí ó tó yanjú, owó ata àti àlùbọ́sà ti fò sókè ní Èkó. Mile 12 fúnra rẹ̀ ti rí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, Yorùbá àti Hausa kọjú ìjà sí ara wọn níbẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì ti ọjà náà pa fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tì í pa, ẹni tí ó ń ta tòmátì pàdánù, ẹni tí ó ń rà á pẹ̀lú sì pàdánù. Àwọn àgbà wí pé àjùmọ̀bí kò kan ti àánú, ẹni orí rán sí ni ó ń ṣe ni lóore. Kí ọmọ Yorùbá wo Màlámù tí ó jókòó ti àpò àlùbọ́sà, kí ó sì mọ̀ pé orí ni ó rán an sí ọbẹ̀ wa.

Bí a bá ti rìn tán, ebi yóò pa wá. Níbo ni a ó ti jẹun? Ìmọ̀ràn wa kò le: ibi tí awakọ̀ àti alábàárù bá pọ̀ sí ni kí ẹ lọ. Ẹni tí ó fi agbára ṣiṣẹ́ kò ní fi owó rẹ̀ ra oúnjẹ tí kò yó o, kò sì ní padà sọ́dọ̀ olóúnjẹ tí ó fún un ní ọbẹ̀ àná. Ẹ ó rí àmàlà gbígbóná pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì. Ẹ ó rí ẹ̀wà aganyìn, tí orúkọ rẹ̀ ń rántí àwọn ènìyàn etí òkun ìhà Togo àti Benin tí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ní ìhà ọ̀dọ̀ àwọn Hausa, ẹ ó rí tùwó, ẹ ó rí màsà tí a fi ìrẹsì dín, ẹ ó sì rí fúrá tí a pò mọ́ wàrà. Kí olùkọ́ ra màsà fún ọmọ tí kò jẹ ẹ́ rí, nítorí ẹni tí a ti bá jẹun kì í tètè di ọ̀tá lójú ẹni. Kí ẹ wo bí èéfín bá ń jáde láti inú ìkòkò, kí ẹ wo omi tí olóúnjẹ fi ń ṣan àwo, kí ẹ sì béèrè iye owó kí ẹ tó jókòó.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ gba Kétu lọ sí ọjà èso ní ọ̀nà Ìkòsí. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọsàn, ìbẹ́pẹ àti bàrà olómi ni a ń tò níbẹ̀ bí òkìtì. Kí olùkọ́ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè ìlú tí èso kan ti wá, kí ó sì wá ibẹ̀ nínú àwòrán ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá padà sílé. Ẹ̀kọ́ yìí yóò pẹ́ ní orí wọn ju èyí tí a kọ sí ojú pátákó lọ.

Odò Ògùn pẹ̀lú kò jìnnà. Ìtàn àwọn Àwórì wí pé àwo ni Olófin Ògúnfúnminíre tẹ̀lé lórí omi yìí láti Ilé-Ifẹ̀, àti pé ní Ìṣẹrì ni àwo náà ti rì, tí orúkọ Àwórì fi jẹ́ ‘àwo ti rì’. Ní àgbègbè Kétu kan náà, ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń rékọjá sí Àgbóyì, níbi tí omi yí àwọn ará ìlú ká. Ṣùgbọ́n odò tí ó gbé ìtàn wá a máa gbé ìyọnu wá pẹ̀lú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí a tú omi ìsédò Òyán sílẹ̀, omi gba ilé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú àti àwọn agbègbè tí ó sún mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá kúrò nílé. Ẹ jẹ́ kí àlejò rí èyí náà, kí ó má ṣe jẹ́ adùn nìkan ni yóò rí.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ dúró díẹ̀ ní Ojọ́ta, níbi ọgbà tí a fi orúkọ olóògbé Gánì Fáwẹ̀hìnmí pè, amòfin tí ó kú ní ọdún 2009. Ibẹ̀ ni ogunlọ́gọ̀ péjọ sí ní oṣù kìíní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba gbé owó lítà epo kan láti náírà 65 lọ sí 141, tí wọ́n fi sọ̀ ọ́ padà sí 97. Ẹni tí ó ti Mile 12 bọ̀ yóò mọ ìdí tí inú fi bí àwọn ènìyàn. Nígbà tí epo bá wọ́n, ọkọ̀ yóò wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ bá wọ́n, ata yóò wọ́n. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ BRT, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Mile 12 dé CMS ní ọdún 2008, yóò gbé yín lọ wo Erékùṣù tí ẹ ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ gbé mì. Àwọn tí ó ń bọ́ Èkó ń jókòó nínú ẹrẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, àbàtà ni ilẹ̀ ọjà ń dà. Inú apẹ̀rẹ̀ ni tòmátì ń gbà wá láti Òkè-Ọya, ti ìsàlẹ̀ ń ru ti òkè, púpọ̀ nínú rẹ̀ a sì ti rà kí ó tó dé ọwọ́ wa. Nínú owó ọbẹ̀ tí ìyàwó ilé ń san, ó ń san owó èyí tí ó rà náà. Ojú gọ́tà tí ó mọ́, ilẹ̀ ọjà tí a fi kọnkéré tẹ́, àpótí oníke tí kò jẹ́ kí ẹrù fọ́: ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ó ju agbára ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn àgbà ọjà lọ bí wọ́n bá fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Owó orí àti owó ilẹ̀ ni a ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kí a fi díẹ̀ nínú rẹ̀ tún ibi ìjókòó rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ọmọ tí ẹ bá mú dé Mile 12 lónìí ni yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀ lọ́la. Bí ó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìyá arúgbó tí ó tẹ ẹsẹ̀ bọ inú ẹrẹ̀ láti ta ata, kò ní í pe ọ̀rọ̀ ọjà ní ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí ó bá fetí sí orúkọ Kòsọ́fẹ́ dáadáa, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ‘kò sí ọ̀fẹ́’ nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Gbogbo òkèlè tí Èkó ń gbé mì, òógùn ẹnì kan wà nídìí rẹ̀.