Bí Wọ́n Bá Ní Kí Ẹ Kúrò ní Ilé Tẹ́tẹ́ Nítorí Ọtí

Ọtí tí ẹ ò sanwó rẹ̀

Ní Las Vegas, ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá jókòó ti tẹ́tẹ́ kì í sábà sanwó ọtí. Agbọ́tí á gbé àwo wá, á béèrè ohun tí ẹ fẹ́ mu, ẹ ó fi dọ́là kan tàbí méjì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí á tún fi yọjú. Lórí tábìlì, ike roboto ni wọ́n sábà ń fi ṣe owó: pupa jẹ́ dọ́là 5, aláwọ̀ ewé jẹ́ 25, dúdú jẹ́ 100. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì wà lálàáfíà mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Lẹ́yìn ife kẹfà, ọwọ́ tó ń wá aláwọ̀ ewé lè mú dúdú, kí ọlọ́wọ́ má sì mọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọtí ọ̀fẹ́ ti gba dọ́là 75 nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń léèyàn?

Ọ̀pọ̀ rò pé ilé tẹ́tẹ́ ò lè lé ẹni tó ń náwó. Òfin ló ń lé wọn ní eré. Ìlànà 5.011 ti àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ ní Nevada kà á sí ẹ̀bi sí wọn lọ́rùn bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹni tó ti yó, tí ojú sì rí i, máa ta tẹ́tẹ́, tàbí bí wọ́n bá tún bu ọtí ọ̀fẹ́ fún un. Nítorí náà, bí ahọ́n bá ti ń wọ́, tí ike ń jábọ́ lọ́wọ́, tí èèyàn ń sùn lórí ẹ̀rọ tàbí tó ń bá apín-káàdì fa wàhálà, ẹ̀ṣọ́ á sún mọ́ ọn, á ní alẹ́ òní ti tó.

Ẹni tí wọn ò lé

Terrance Watanabe, oníṣòwò láti Omaha, pàdánù nǹkan bíi mílíọ̀nù 127 dọ́là ní 2007, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní Caesars Palace àti Rio. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé Wynn Las Vegas ti kọ́kọ́ ní kó má wá sọ́dọ̀ àwọn mọ́, nítorí ọtí àti tẹ́tẹ́. Ó fẹ̀sùn kan àwọn tó gbà á pé ṣe ni wọ́n ń rọ òun lọ́tí kí òun má bàa dìde; wọ́n ní irọ́ ni. Ní 2013, àwọn aláṣẹ ní New Jersey bu owó ìtanràn 225,000 dọ́là lé Caesars lórí ọ̀rọ̀ náà. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá fi iye kejì wé ti àkọ́kọ́. Lójú tèmi, ilé tó lé ọkùnrin yìí ló ṣe é lóore.

Bó bá kàn yín

Ẹ má jiyàn. Ẹ kó ike yín, kí ẹ sì béèrè bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ sówó. Bí wọ́n bá kìlọ̀ fún yín pé ẹ ò gbọdọ̀ padà wá, ẹ gbọ́ o: ẹni tó bá padà lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura, tàbí kó san ìtanràn tó tó 1,000 dọ́là. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n ń mú jáde, ẹ bá a jáde, kí ẹ sì gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ibi ìgbọ́kọ̀sí.