Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Àyẹ̀wò Rẹ̀: Ẹ Má Ṣe Dúró De Ìrora

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a gbé wá lónìí, ìlú Ọ̀fà ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ṣàṣà ni ẹni tí yóò gbọ́ orúkọ Ọ̀fà tí kò ní rántí ìjàkadì. Nínú ọdún ìbílẹ̀ wọn, Ọlọ́fà àti Èésà a máa di ara wọn mú lójú agbo kí gbogbo ìlú lè wòran. Ẹni tí ó bá mọ ìjàkadì mọ̀ pé ojú ni a fi ń ṣọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni tí ó dúró níwájú ẹni. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn yóò ṣe sí ọ̀tá tí a kò fi ojú rí, tí kì í sì í fọwọ́ kanni títí di ọjọ́ tí yóò gbé ni ṣánlẹ̀? Irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ara kì í sọ fún ni pé ẹ̀jẹ̀ ń ru, ìwọ̀n nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kò sí ìlú tí irú rẹ̀ kò sí. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó sì ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ọwọ́dé ní Ọ̀fà. Ó ń jí ní kùtùkùtù, ó ń gbé ẹrù, ó ń jẹun, ó sì ń sùn dáadáa. Ní ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn nítorí orúnkún tí ń dùn ún. Kí ó tó rí dókítà, nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ fi hàn ni 178 lórí 106. Wọ́n ní kí ó sinmi, wọ́n tún un wọ̀n, kò yàtọ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín ni kò dára. Orúnkún ni ó ń dùn mí. Orí kò fọ́ mi, òòyì kò kọ́ mi." Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn pé, "Òótọ́ ni ẹ sọ, Màmá. Kì í dunni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń wọ̀n ọ́n."

Kí wá ni ẹ̀jẹ̀ ríru? Ọkàn ni ó ń ta ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ara, inú iṣan ni ẹ̀jẹ̀ sì ń gbà kọjá. Nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀ láti ta ẹ̀jẹ̀ jáde, ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan a ga. Èyí ni nọ́ńbà òkè. Nígbà tí ọkàn bá sinmi kí ó tó tún lù, ipá náà a rọlẹ̀. Èyí ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Ní ara àgbàlagbà tí ó le, ó sábà máa ń wà ní àyíká 120 lórí 80. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140 sókè, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90 sókè, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Orúkọ tí a ń pè é a máa ṣi àwọn mìíràn lọ́nà. Wọ́n rò pé ìbínú tàbí ìrònú nìkan ni ó ń fà á, àti pé ẹni tí ó bá ní sùúrù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, a kò lè tọ́ka sí ohun kan ṣoṣo pé òun ni ó fà á. Ìdílé ń dá sí i, ọjọ́ orí ń dá sí i. Iyọ̀ àpọ̀jù, ìsanrajù, ọtí àti àìkìíṣeré-ìdárayá náà sì ń dá sí i.

Ẹ wo ọ̀pá omi tí omi ń fi agbára já gba inú rẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Kì í bẹ́ lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ, tí onílé kò sì ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń ba iṣan inú ọpọlọ jẹ́ tí ó fi ń di rọpárọsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́, tí ó sì ń ṣe ojú lọ́ṣẹ́. Bí ìrora bá fi máa dé, iṣẹ́ ibi náà ti jìnnà.

Ọgbọ́n tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní ọdún 1896, dókítà ará Ítálì kan, Scipione Riva-Rocci, ṣe àpò rọ́bà tí a ń wé mọ́ apá, tí a sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ní ọdún 1905, Nikolai Korotkov, dókítà ará Rọ́ṣíà, fi hàn pé bí a bá fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ àyà sí ìgbọ̀nwọ́ bí àpò náà ti ń tú, a lè gbọ́ nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀. Orí ọgbọ́n àwọn méjèèjì ni nọ́ọ̀sì wa ṣì dúró lé.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ ọ̀tọ̀, níní oògùn ọ̀tọ̀. Franklin Roosevelt ni ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, dókítà rẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó bá a ní 186 lórí 108. Àwọn oníṣègùn tí ó mòye jù lọ ní ilẹ̀ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kò sí oògùn gidi tí wọ́n lè fún un. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945, iṣan kan bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ náà gan-an. Ìparí àwọn ọdún 1950 ni oògùn oníhóró tí ó rọrùn láti lò tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: ohun tí gbogbo agbára Amẹ́ríkà kò lè rí fún ààrẹ wọn ní 1945, ó wà lórí pẹpẹ ilé oògùn ní Ọ̀fà lónìí. Ìyá elélùbọ́ lè rí i gbà.

Ẹlòmíràn lè ní, "Àrùn òyìnbó nìyẹn." Àwọn òyìnbó pàápàá ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 1929, dókítà kan tí ó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà kọ̀wé pé òun kò bá ẹ̀jẹ̀ ríru pàdé láàárín àwọn aláìsàn tí òun tọ́jú níbẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn láti ìgbà náà pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ògbóǹtarìgì tí ó là wá lóye ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó, tí a bí ní 1933 tí ó sì papò dà ní 2020. Ní Ìbàdàn ni ó ti kọ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ọmọ Áfíríkà, tí ó jáde ní 1972. Kì í ṣe àjèjì sí àwa ará Kwara, nítorí òun ni ó di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún yunifásítì tí ó wà ní Ìlọrin. Ìgbìmọ̀ tí ó ṣe alága fún gbé àbọ̀ ìwádìí gbogbo Nàìjíríà jáde ní 1997. Wọ́n rí i pé ènìyàn bí 11 nínú 100, láti ọmọ ọdún 15 sókè, ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Nọ́ńbà 160 lórí 95 ni wọ́n sì lò nígbà náà. Bí wọ́n bá lo 140 lórí 90, àwọn ènìyàn náà ì bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú gbogbo àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ní ayé, 46 nínú 100 ni kò mọ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ bí a ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má ṣe jẹ obì, ẹ má ṣe mu kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, nítorí pé wọ́n ń mú ẹ̀jẹ̀ gbéra. Ẹ kọ́kọ́ tọ̀. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà. Ara apá ni kí wọ́n wé àpò náà mọ́, kì í ṣe orí aṣọ. Ẹ má ṣe sọ̀rọ̀. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì padà wá lọ́jọ́ mìíràn, nítorí pé ẹ̀rù ilé ìwòsàn nìkan tó láti gbé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sókè.

Bí ó bá dájú pé ẹ̀jẹ̀ ń ru, dókítà yóò bèèrè àyẹ̀wò mìíràn. Ibí ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n a ní, "Wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ mi gbẹ." Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà kò sábà ju ìwọ̀n ṣíbí ìmutíì méjì tàbí mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àgbàlagbà tó nǹkan bí lítà márùn-ún. Ìbéèrè kan ni àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ń bi ara.

Àkọ́kọ́ ni ìtọ̀. Kíndìnrín dàbí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì: ó ń jẹ́ kí omi àti ìdọ̀tí kọjá, ó sì ń dá èròjà amáralókun dúró. Bí wọ́n bá bá èròjà náà nínú ìtọ̀, ó lè jẹ́ pé asẹ́ ti ń ya. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ẹ̀jẹ̀ láti apá, tí wọ́n fi ń wo ìwọ̀n ìdọ̀tí tí ó yẹ kí kíndìnrín ti dànù. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ṣúgà. Fún èyí, wọ́n lè ní kí ẹ má jẹun fún wákàtí mẹ́jọ, kí ẹ sì wá ní àárọ̀. Omi nìkan ni ẹ lè mu. Bí ó bá tó 126 sókè, tàbí 7 nínú ọ̀nà ìṣirò kejì, tí wọ́n tún un ṣe tí kò yàtọ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ tí ń ya bí ọkàn ti ń lù sórí ìwé. Wáyà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀; kò gbé iná wọ inú ara, kò sì dunni. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni ojú, nítorí pé ìsàlẹ̀ ẹyinjú ni dókítà ti lè fi ojú rẹ̀ rí iṣan ẹ̀jẹ̀ láìfi ọ̀bẹ kan ara.

Àyẹ̀wò kò dá àrùn sílẹ̀. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ẹni tí ó tú ewé wò kọ́ ni ó gbé e síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Ó gba oògùn, ó dín iyọ̀ kù. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé gbogbo iyọ̀ ọjọ́ kan kò yẹ kí ó tó ṣíbí ìmutíì kan, àti pé iyọ̀ wà nínú mágí pẹ̀lú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀rọ fi 128 lórí 80 hàn. Inú rẹ̀ dùn. Aládùúgbò ní, "Ẹ ti gbádùn nìyẹn, ẹ fi oògùn sílẹ̀." Ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi padà lọ, ó ti di 172. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Màmá, bí òjò kò bá pa yín mọ́ nínú ilé, ṣé ẹ ó ṣí páànù kúrò lórí rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà yé e. Nọ́ńbà tí ó rọlẹ̀, iṣẹ́ oògùn ni. Kì í ṣe àmì pé àrùn ti lọ. Oríire ni tirẹ̀, pé ẹ̀rọ ni ó kìlọ̀ fún un, kì í ṣe rọpárọsẹ̀.

Bí owó oògùn bá wọ́n jù, ẹ má ṣe tijú. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ó lè wo èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n kò lè tún ohun tí kò gbọ́ ṣe. Ẹ sọ oògùn orúnkún tí ẹ ń rà lójú pópó fún un pẹ̀lú, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì ń pa kíndìnrín lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má fi àgbo tí ẹ ń mu pamọ́.

Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe sọ pé ó di òwúrọ̀.

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú gbogbo, kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn máa gbé pẹ̀lú àìsàn tí ó mọ̀ tí ó sì ń ṣọ́. Ẹni tí ó mọ nọ́ńbà rẹ̀ ti rí ọwọ́ ọ̀tá rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ lọ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì mú ẹnìkan nínú ilé dání.

A ó dánu dúró níbí. Ó dìgbóṣe.